Òṣùwọ̀n ọmọ tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀: ìràwọ̀ mẹ́rin fún òṣùwọ̀n, ẹyọ kan fún áàpù

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ: òṣùwọ̀n yìí dára, áàpù tí wọ́n so mọ́ ọn ni kò dára. Oṣù mẹ́tàlá ni mo ti ń lò ó fún àwọn ìbejì mi. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, agbára káká ni ọjọ́ kan fi máa ń kọjá kí n má gbé ẹnì kan lé e. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú páálí lánàá ló ń bá yín sọ̀rọ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Irú rẹ̀ kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì: abọ́ funfun gbọọrọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin, gíláàsì kékeré níwájú, Bluetooth nínú. Ẹ lè ti rí i rí pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Táíwò àti Kẹ́hìndé ni mo rà á fún. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ 35 péré ni wọ́n lò nínú mi kí wọ́n tó ní àwọn ń bọ̀. Táíwò jáde ní kílò 2.35, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e ní kílò 1.80. Àtẹ́lẹsẹ̀ Kẹ́hìndé àti àtàǹpàkò mi dọ́gba. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò. Kílò 2.5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pààlà, ọmọ tí kò bá tó o, wọ́n á ní ìwúwo rẹ̀ kéré. Àwọn tèmi méjèèjì kò tó o, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun tó mú wọn kéré kì í ṣe ọ̀kan náà. Táíwò kéré nítorí pé ó tètè dé ni; fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 35, kílò 2.35 dára gan-an. Kẹ́hìndé tètè dé, ó sì tún kéré sí ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní ó jọ pé ibi ọmọ tirẹ̀ kò gbé oúnjẹ fún un bó ṣe yẹ. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, áàpù ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kẹrin, Kẹ́hìndé já sí 1.67. Mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, obìnrin àgbà kan tó máa ń pe gbogbo wa ní "ìyá wa", ní kí n nu ojú mi. Ó ní ọmọ tuntun tí kì í jò díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣọ̀wọ́n, omi ara ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń lọ. Tí kò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, tó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ká fi ọkàn balẹ̀. Ọjọ́ kejìlá ni Kẹ́hìndé padà dé 1.80. Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ọjọ́ kẹrìnlá ni mo ra òṣùwọ̀n, nítorí mo ti di ẹni tí kò lè sùn láìmọ iye.

Nígbà tó dé, omi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Lítà omi kan, kílò kan ni, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Mo gbé ike tí wọ́n fa ìlà sí lára sórí rẹ̀ lófìfo, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń dá nọ́ńbà padà sí òdo, mo wá bu omi dé ojú ìlà lítà kan. 1.000. Mo dà á nù, mo tún un ṣe: 1.005. Ẹ̀ẹ̀kẹta: 1.000. Lítà méjì: 2.005. Fún ohun tí wọn kò ṣe fún ilé ìwòsàn, mo gbà fún un. Gíráàmù márùn-ún márùn-ún ló fi ń kà á, ó sì lè gbé tó kílò 20.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá. Lítà omi kan náà di 0.930. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó máa ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí nǹkan bá wà lókè, títẹ̀ tí ojú kò lè rí. Wáyà tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ irin náà ló ń mọ bó ṣe tẹ̀ tó, òun ni wọ́n ń sọ di nọ́ńbà. Tí ẹsẹ̀ bá rì sínú kápẹ́ẹ̀tì, ikùn abọ́ á fara ti kápẹ́ẹ̀tì, kápẹ́ẹ̀tì á sì bá a ru lára ẹrù. Gíráàmù 70 ṣòfò báyẹn. Nígbà yẹn, nǹkan bí gíráàmù 25 ni Kẹ́hìndé ń fi kún ara lójúmọ́, àṣìṣe kápẹ́ẹ̀tì nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdàgbà ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé ìlò rẹ̀ kúkú sọ ọ́, àmọ́ ojú ewé kọkànlá ni wọ́n fi í pamọ́ sí, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń nu abọ́.

Ìlédìí tí ọmọ ti tọ̀ sí tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọn ọ̀kan lọ́tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan: gíráàmù 140. Nítorí náà, ìhòhò ni mo máa ń wọ̀n wọ́n, kí wọ́n tó mu ọmú àárọ̀, lórí tábìlì kan náà. Abọ́ ọ̀hún tutù, Táíwò a sì ké bí ẹni tí wọ́n jù sódò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ tó gbé ọmọ lé e.

Sùúrù ló mú mi fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí jù. Kẹ́hìndé kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá gbé e lélẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ lófuurufú nìyẹn. Òṣùwọ̀n tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ńbà rẹ̀ á máa fò sókè sódò títí nọ́ọ̀sì á fi mú èyí tó bá wù ú. Eléyìí á dúró de ọmọ, á kó ohun tó rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pọ̀, á pín in, á wá dún "píì". Nọ́ńbà á sì dúró gbọin lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọmọ kúrò, kí ẹ lè ráyè kọ ọ́ sílẹ̀. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ lára rẹ̀, nítorí ìdérí bátìrì ni: oṣù kejì ló sán, sẹ́lótéèpù ló dì í mú títí dòní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí áàpù.

Ó béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ ìbí, ó béèrè bóyá akọ ni àbí abo. Kò béèrè ọ̀sẹ̀ tí ọmọ lò nínú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlà ìdàgbàsókè tí wọ́n kó sínú rẹ̀, àwọn ìlà tó wà lórí ara wọn tó ń fi hàn bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i bó ṣe ń dàgbà, ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006 lẹ́yìn tí wọ́n wọn àwọn ọmọ ní ilẹ̀ mẹ́fà: Brazil, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà. Ìlà tó ṣeé gbára lé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ni wọ́n fi fa ìlà náà. Ọmọ tó bá fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣíwájú, a ní láti yọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ ká tó gbé e sórí rẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún méjì. Nígbà tí Kẹ́hìndé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó sì wọn kílò 2.02, tí a bá ní ká sọ òótọ́, ọjọ́ tí à ń retí rẹ̀ kò tíì pé rárá. Áàpù tì í sáàárín àwọn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé oṣù, gbogbo ojú fóònù bá pọ́n: ìwúwo ọmọ yìí ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ tètè kàn sí dókítà. Aago méjì òru ni. Bàbá Ìbejì ti wọ bàtà kí n tó jí i dáadáa sí ohun tí mo ń sọ.

Mo wá ọgbọ́n dá. Mo ní kí n fi ọjọ́ tí à ń retí wọn sí ibi ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ parí. Áàpù kọ̀. Ó ní ọjọ́ náà kò tíì dé. Mo dúró títí ọjọ́ náà fi dé, mo fi sí i, ó gbà, ó sì pa gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kó jọ rẹ́, torí wọ́n ti di ìwúwo ọmọ tí wọn kò tíì bí. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n dá mi lóhùn kíákíá, kò sí irọ́ níbẹ̀: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Ó ti ń lọ sí ọdún kan, wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò.

Ti ìbejì tún wà níbẹ̀. Áàpù kì í béèrè ta ni mo gbé lé e. Yóò wo ìwúwo, yóò fi wé ti àná, yóò sì dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí gíráàmù 500 wà láàárín wọn, ọgbọ́n gidi ni. Nígbà tó di oṣù keje, tí Táíwò jẹ́ 6.84, tí Kẹ́hìndé jẹ́ 6.81, ó di eré òmùgọ̀. Orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni bàbá wọn pè mí láti ibi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ìyá Ìbejì, kí ló ṣe Táíwò? Wọ́n ní ó ti jò láti àná." Táíwò wà níwájú mi, ó ń já ìwé sí wẹ́wẹ́. Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀. Mo ti so okùn pupa mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àmọ́ áàpù ò ní ojú.

Gbogbo èyí, mo lè rí i bí àìkọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kí n yọ ìràwọ̀ kan, kí n yọ méjì. Ohun tó mú mi yọ mẹ́rin ni ife ẹ̀yẹ.

Tí ọmọ bá kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí èyí tó wà lókè rẹ̀, áàpù yìí máa ń gbé ife ẹ̀yẹ aláwọ̀ wúrà síta, ìwé wẹ́wẹ́ aláràbarà á máa rọ̀ bí òjò lójú fóònù, orin á dún. "Ẹ kú oríire! Kẹ́hìndé ti gòkè!" Tí ọmọ bá ń tẹ̀ lé ìlà tirẹ̀ jẹ́jẹ́ bí Táíwò ti ń ṣe, kò sí nǹkan kan fún un. Ní oṣù mẹ́fà, Kẹ́hìndé ti gba ife mẹ́rin, Táíwò kò ní ẹyọ kan. Ẹ wá wo bàbá wọn: ó ti ń ya àwòrán ife náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lóru láti fún Kẹ́hìndé ní ìgò wàrà kan sí i, ọmọ tó ti yí ojú kúrò, tó ti di ẹnu pọ̀. "Dádì wọn, ó ti yó." "Díẹ̀ ló kù kó gba ìkarùn-ún."

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kàn mí gan-an nìyí. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò sọ̀ kalẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì wà ní 148 lórí 96, ọmọ ọdún 34 sì ni mí. Dókítà tó ń tọ́jú mi béèrè bóyá bàbá mi ní in, bóyá ìyá mi ní in, ó béèrè iyọ̀, ó béèrè oorun. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè kan tó pa mí lẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kílò mélòó ni wọ́n bí yín?"

Mo pe ìyá mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kílò mélòó ni wọ́n bí mi?"

"Kílò wo? Ìwọ tí wọ́n fi òwú dì bí ẹyin!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ní kílò méjì ó lé díẹ̀. Mi ò sọ ọ́ rí torí o kò pẹ́ tí o fi sanra. Kí o tó pé ọdún kan, gbogbo ẹni tó bá rí ẹ ló ń kí mi kú iṣẹ́."

Ife ẹ̀yẹ tiwọn nìyẹn.

Dókítà ní kí n má ṣe rò pé ìyẹn nìkan ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru, pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pàdé pọ̀. Ó wá ya kíndìnrín méjì sẹ́yìn ìwé àyẹ̀wò mi. Inú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, àwọn asẹ́ kéékèèké wà tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, àmọ́ iye náà yàtọ̀ gan-an láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Inú ìyá ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, iṣẹ́ náà sì máa ń parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36. Lẹ́yìn ìyẹn, ara kì í ṣe tuntun mọ́. Èyí téèyàn bá ní ló máa lò dọjọ́ alẹ́. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó nínú sábà máa ń ní asẹ́ tó kéré níye. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Barry Brenner, dókítà kíndìnrín, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá a lábàá, lọ́dún 1988, pé asẹ́ díẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lè wà lára ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè lágbà. Tí ara ọ̀hún bá wá tóbi kọjá ohun tí asẹ́ rẹ̀ lè gbé, ẹrù di méjì. Mo jókòó, mo ń wo àwòrán náà. Ọ̀sẹ̀ 36. Àwọn ọmọ mi dé ní 35.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kàwé títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, mo sì rí obìnrin kan tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sínú áàpù yìí dípò ife. Ethel Margaret Burnside ni orúkọ rẹ̀. Hertfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1911, òun ló ṣètò rẹ̀ pé kí àwọn agbẹ̀bí wọn gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì sì máa lọ láti ilé dé ilé títí ọmọ á fi pé ọdún kan, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Kò sí fóònù, kò sí Bluetooth. Ìwé náà wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí David Barker, dókítà tó ń ṣèwádìí àrùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Southampton tó tú u wò. Wọ́n tọpasẹ̀ ọkùnrin 5,654 tí wọ́n bí láàárín 1911 sí 1930, wọ́n wo ohun tó pa àwọn tó ti kú. Lọ́dún 1989 ni wọ́n gbé e jáde: àwọn tó fúyẹ́ jù nígbà ìbí àti lọ́mọ ọdún kan ni àrùn ọkàn pa jù. Àwọn tí kò ju nǹkan bíi kílò mẹ́jọ lọ lọ́mọ ọdún kan, ikú àrùn ọkàn láàárín wọn ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó ti lé ní kílò méjìlá. Àwọn kan sọ nígbà náà pé òṣì ni, pé ilé tí ọmọ ti fúyẹ́ náà ni ilé tí àgbà ti ń jìyà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un wò ní ilẹ̀ mìíràn lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ náà kò sì parẹ́.

Tí mo bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá wọn ló tọ̀nà: ká rọ́ wàrà sí i, kí ọmọ tètè wúwo. Iṣẹ́ tí Barker kan náà ṣe pẹ̀lú àwọn ará Fínlándì ló dá mi dúró, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005. Àwọn ènìyàn 8,760 tí wọ́n bí ní Helsinki láàárín 1934 sí 1944 ni wọ́n yẹ̀ wò, ìwé ìwúwo wọn láti kékeré sì wà. Àwọn tí àrùn ọkàn wá kọlù lágbà, wọ́n kéré nígbà tí wọ́n bí wọn, wọ́n tín-ín-rín lọ́mọ ọdún méjì, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń yára kún ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Kíkéré nìkan kọ́. Kí ọmọ kéré, kó wá máa fo ìlà lẹ́yìn náà, ohun tí áàpù ń lu agogo fún, òun ló yẹ ká máa fi ojú sí.

Mo gbé fóònù lọ bá nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé, mo fi ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn án. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ọmọ bíi Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ dàgbà, kò sẹ́ni tó ní kí n febi pa á. Oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ọpọlọ ń kọ́ ilé, kò yẹ kí oúnjẹ wọ́n ọn. Ìlà méjì àkọ́kọ́ tó gùn, ohun tí wọ́n gbàdúrà fún ni. Ó wá fi ìka tọ́ka sí ìkẹta àti ìkẹrin. "Èyí, ta ló gùn ún? Ṣé òun ló béèrè, àbí ẹ̀yin lẹ ń fún un?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ní kí n máa fi ìwúwo wé gígùn, kì í ṣe ìwúwo nìkan. Áàpù ní àyè fún gígùn o, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ máa tẹ ojú fóònù kí ẹ tó débẹ̀, kò sì sí ife kankan fún un.

Nígbà tí mo délé, mo pa ìkìlọ̀ àti orin rẹ̀. Ìgò òru dópin. Bàbá Ìbejì bínú fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka iṣẹ́ àwọn ará Dẹ́nmákì fún un, ti ọdún 2018: ọkùnrin 62,565 tí wọ́n wọn lọ́mọ ọdún méje, lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n sì tún wọ̀n wọ́n nígbà tí wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò fún iṣẹ́ ológun. Àwọn tó sanra jù lọ́mọ ọdún méje ṣùgbọ́n tí wọ́n ti bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé mẹ́tàlá, tí wọn kò sì padà síbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà kò bá wọn ju bó ṣe bá àwọn tí kò sanra rí. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní: "Nítorí náà, kò tíì bàjẹ́." Mo ní kò tíì bàjẹ́. Ó ní ṣé kí òun pa àwọn àwòrán ife yẹn rẹ́. Mo ní kó fi sílẹ̀, ó wuyì.

Ta ló yẹ kó ra òṣùwọ̀n yìí? Ẹni tí dókítà bá ní kó máa wọn ọmọ nílé: ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, ọmọ tí ọmú mímu ń ni lára, ìbejì. Ẹ má so ó mọ́ fóònù, òṣùwọ̀n náà ń ṣiṣẹ́ láìsí áàpù, ohun tí mi ò mọ̀ fún oṣù méjì nìyẹn. Ọmọ tó pé oṣù, tó ń mu ọmú dáadáa, tí ara rẹ̀ le, ẹ fi owó yín pamọ́. Èyí tí wọ́n ń wọn ọn níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára ti tó. Ẹni tó bá sì jẹ́ irú mi, tí nọ́ńbà lè lé oorun lọ, kí ó wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó gbé òṣùwọ̀n sókè kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Mo wọn wọ́n lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, kò sí ọjọ́ kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí ọ̀sẹ̀ kò ní sọ. Ìgbẹ́ kan ṣoṣo lè gba gíráàmù 50.

Nísinsìnyí tí wọ́n ti lé ní ọdún kan, kò sẹ́ni tó gbà láti dùbúlẹ̀ mọ́. Táíwò á jókòó bí ọba. Kẹ́hìndé á na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, á fi ọwọ́ di etí tábìlì mú, á máa wò mí lójú, òṣùwọ̀n á sì máa wá nọ́ńbà kiri. Mo ti ra ìwé eléwé ọgọ́ta, mo fi bírò pupa ya ìlà Kẹ́hìndé, búlúù ti Táíwò. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àárọ̀ Sátidé là ń ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn, mo kọ ìlà kan sí ojú ewé àkọ́kọ́: "Èmi. Kílò méjì ó lé díẹ̀. Màmá ló sọ ọ́."